Bí ẹ ṣe lè ra ẹ̀rọ lésà fún ibi iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé láìkábàámọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ lésà tí yóò máa fi gé igi tàbí fín awọ nílé, ọ̀rọ̀ wáàtì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi olùtajà. Ìbéèrè yẹn dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Nǹkan méjì ló ń yan ẹ̀rọ fúnni: ohun tí ẹ fẹ́ gé, àti ibi tí èéfín rẹ̀ yóò gbà jáde. Ẹni tó bá ti dáhùn méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọjà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni yóò kúrò lójú ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yíyàn nínú èyí tó kù kò sì ní í ni ín lára. Ẹni tí kò bá dáhùn wọn, ẹ̀rọ olówó gọbọi lè di ohun tí wọ́n fi aṣọ bò sí kọ̀rọ̀ yàrá.

1. Ẹ kọ iṣẹ́ yín sórí bébà

Ẹ má kọ "oríṣiríṣi nǹkan". Ẹ kọ iṣẹ́ márùn-ún tó dá yín lójú pé ẹ máa ṣe: àpótí kékeré, orúkọ ara ilẹ̀kùn, bẹ́líìtì aláwọ, káàdì ìkíni, ohun ìṣeré ọmọdé, ohunkóhun tó wù yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi ṣe é, bí ó ṣe nípọn tó ní mìlímítà, àti bóyá gígé ni àbí fífín.

Gígé àti fífín kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí ẹ bá ń fín nǹkan, ojú rẹ̀ nìkan ni lésà ń jẹ. Agbára díẹ̀ tó o, àmọ́ ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà tín-ín-rín, kí orí ẹ̀rọ sì lè sáré. Gígé ló ń béèrè agbára, torí lésà gbọ́dọ̀ la nǹkan já dé ìsàlẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó di èédú. Ẹ má sì rò pé pákó 6 mm kàn fẹ́ ìlọ́po méjì àkókò tí 3 mm ń gbà. Bí lésà ti ń wọlẹ̀ sí i ló ń fẹ̀ sí i, tí agbára rẹ̀ ń fọ́n ká, èéfín inú ihò tóóró náà sì ń dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó gé 3 mm mọ́ tónítóní lè sun 6 mm di dúdú láì là á já.

Lẹ́yìn náà, ẹ fagi lé ohun tí lésà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ike PVC ló burú jù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ páìpù omi, vinyl tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, àti ọ̀pọ̀ awọ oníke tí wọ́n fi ń rán àpò àti ìjókòó. Chlorine wà nínú rẹ̀. Bí lésà bá jó o, gáàsì hydrogen chloride ló ń jáde, bí gáàsì yìí bá sì pàdé ọ̀rinrin, ásíìdì ló ń dà. Irin ẹ̀rọ yóò dípẹtà, lẹ́ǹsì yóò bàjẹ́, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ṣeé pààrọ̀. Ike ABS máa ń yọ́ dípò kó gé, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Polycarbonate, tó jọ acrylic (ike líle tó dà bíi gíláàsì) lójú nítorí pé ó mọ́ gaara bíi tirẹ̀, máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì gbiná. Fíbà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní carbon fiber àti fiberglass náà, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ti awọ ẹran, ẹ wá èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi chromium ṣe.

Bí ẹ kò bá mọ irú ike tó wà lọ́wọ́ yín, ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń lò. Ẹ fi ẹ̀mú di wáyà bàbà mú, ẹ fi sínú iná gáàsì títí yóò fi pọ́n tí iná náà kò sì ní ṣe àwọ̀ kankan mọ́. Ẹ fi kan ike náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ tún dá a padà sínú iná. Bí iná bá di àwọ̀ ewé, chlorine wà níbẹ̀ nìyẹn, kí ike náà kọrí síbòmíràn. Ìta gbangba ni ẹ ti máa ṣe èyí, kí ẹ sì lo ìwọ̀nba tín-ń-tín.

Pákó pláìwúùdù náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta tàbí fún ọkọ̀ ojú omi, gọ́ọ̀mù phenolic ló wà láàárín àwọn ìpele rẹ̀, lésà kì í sì í fẹ́ràn láti la gọ́ọ̀mù yẹn kọjá. Ẹ máa bínú sí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ pákó ló jẹ̀bi.

2. Ibo ni èéfín máa gbà jáde?

Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra ẹ̀rọ lésà títí yóò fi nawọ́ sí ibi tí èéfín máa gbà. Lésà kì í fi ayùn rẹ́ nǹkan kí ẹ̀ kàn gbá ìyẹ̀fun igi. Ńṣe ló ń sọ ohun tó gé di èéfín, gbogbo ohun tó kúrò láàárín ihò yẹn sì gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Igi jíjó ń mú carbon monoxide wá. MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ń fi formaldehyde kún un nítorí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Acrylic ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé tó wà nínú yàrá kejì yóò fi béèrè ohun tó ń jóná.

Ọ̀nà tó dára jù ni páìpù tó gbé e lọ síta tààrà. Fún ẹ̀rọ kékeré tó ní ìdérí, páìpù oní 100 mm sábà máa ń tó. Fún èyí tó tóbi, ẹ wá ti 150 mm. Ẹ jẹ́ kí páìpù náà kúrú, kó má ní ìkọ̀rọ̀ púpọ̀, kí inú rẹ̀ sì dán, torí páìpù tó ń rọ̀ bí ìfun máa ń dá afẹ́fẹ́ dúró.

Ibi tí fáànù wà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ fi sí ìparí páìpù níbi tó ti fẹ́ bọ́ síta, ẹ má fi sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí fáànù bá wà níparí, fífà ló ń fa gbogbo páìpù tó wà nínú yàrá. Bí ihò bá wà lára páìpù, afẹ́fẹ́ yàrá ni yóò wọ inú rẹ̀. Bí fáànù bá wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, títì ló ń ti èéfín, gbogbo ihò kékeré sì ni yóò máa tú u sí yín nímú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde náà gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Bí ẹ bá ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, fáànù yóò kàn máa pariwo ni. Ẹ ṣí ojú kan sílẹ̀ díẹ̀ ní òdìkejì yàrá.

Ẹni tó wà nínú yàrá tí wọn kò gbà kó lu ihò sára ògiri lè gé pákó tó bá ojú fèrèsé mu, kó lu ihò páìpù sára pákó náà, kó máa gbé e sí i nígbà iṣẹ́, kó sì máa yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jáde sí o: fèrèsé aládùúgbò kò gbọ́dọ̀ kọjú sí i.

Àpótí asẹ́ náà wà, èyí tó ń fọ èéfín tó sì ń dá afẹ́fẹ́ padà sínú yàrá. Ìpele mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: èyí tó ń mú eruku ńlá, HEPA tó ń mú eruku kíkúnná, àti èédú tí wọ́n fi oògùn ṣe tó ń gba òórùn. Wọ́n wúlò níbi tí kò sí ọ̀nà ìta. Ṣùgbọ́n èédú máa ń yó, pákó pláìwúùdù àti MDF sì máa ń yára dí asẹ́. Owó asẹ́ kò ní í tán nílẹ̀ títí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ tì. Àti pé èédú náà kò lè mú carbon monoxide dáadáa. Gáàsì yìí kò ní òórùn, nítorí náà "n kò gbóòórùn nǹkan kan" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ carbon monoxide kọ́ sínú yàrá náà.

3. Ẹ mọ irú lésà mẹ́ta tó wà

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló pín wọn, àwọ̀ yìí ló sì ń sọ ohun tí kálukú lè jẹ àti ohun tí yóò kàn là kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nánómítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀.

Ti díódù, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀, ni aláwọ̀ búlúù, ó wà ní nǹkan bíi 450 nánómítà. Ó kéré, ó fúyẹ́, kò fẹ́ omi, ẹ lè gbé e láti orí tábìlì kan sí òmíràn. Ó ń gé pákó tín-ín-rín, páálí, awọ, aṣọ, rọ́bà òǹtẹ̀, acrylic dúdú àti ọ̀pọ̀ acrylic aláwọ̀ tó ṣú. Acrylic tó mọ́ gaara ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ búlúù yóò gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá, yóò sì lọ jó ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń kọ́gbọ́n lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Ti CO2, tó ń fi gáàsì carbon dioxide ṣiṣẹ́, wà ní 10,600 nánómítà, ojú ènìyàn kò rí i rárá. Kumar Patel ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964, ó sì ti di baálẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ń gé igi àti acrylic láti ìgbà pípẹ́. Acrylic yòówù kó jẹ́, tó mọ́ gaara tàbí aláwọ̀, ó ń gé e tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi iná yọ́ ọ. Ó ń fín gíláàsì, ó ń gé igi, awọ àti aṣọ. Àmọ́ ó ní ẹrù tirẹ̀. Iná mànàmáná tó ń tan túùbù gíláàsì rẹ̀ ju 10,000 fóltì (V) lọ, ó lè pa ènìyàn, kódà ó lè wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn gba ara túùbù náà nígbà gbogbo tó bá ń tàn. Bí omi bá dúró, túùbù yóò sán láàárín àkókò kúkúrú. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ padà di omi ni kí ẹ lò, torí iyọ̀ inú omi ẹ̀rọ lè gbé iná mànàmáná kiri. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín ìwọ̀n 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára lésà yóò máa lọ sílẹ̀, ọjọ́ ayé túùbù yóò sì kúrú. Tó bá tutù jù nínú yàrá tó móoru, ìrì yóò sẹ̀ sára túùbù. Níbi tí omi bá sì ti lè dì, yìnyín yóò la túùbù náà sí méjì.

Nípa ohun tí ń tu omi, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní CW-3000 kò ní fíríìjì nínú. Fáànù àti irin tó ń fọ́n ooru ká ló wà níbẹ̀, kò lè mú omi tutù ju yàrá lọ. CW-5000 àti CW-5200 ló ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì. Níbi tí yàrá bá ti ń gbóná, ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Ohun kan tún wà nípa túùbù gíláàsì: ó ń gbó bí ẹ kò tilẹ̀ lò ó, nítorí gáàsì inú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ra túùbù àpamọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Túùbù onírin tí wọ́n ń pè ní RF máa ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì ń fín nǹkan kúnná jù, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti gíláàsì.

Fáíbà ni ẹ̀kẹta, 1,064 nánómítà. Irin ni tirẹ̀: ó ń kọ nǹkan sára irin, alumíníọ̀mù àti bàbà. Kò dára fún igi. Bí gbogbo nǹkan márùn-ún tí ẹ kọ bá jẹ́ irin, òun ni kí ẹ wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fò ó. Díódù àti CO2 tí wọ́n ń lò nílé kì í gé irin, àmọ́ wọ́n lè fín alumíníọ̀mù tí wọ́n ti pa láró àti kọ́ọ̀pù onírin tí wọ́n kùn lọ́dà.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ pákó 3 mm, páálí àti awọ, díódù oní 10 sí 20 wáàtì tó ní ìdérí tó yíká ti tó, ó sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí acrylic tó mọ́ gaara bá wà lórí bébà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí bí pákó 6 mm bá jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má fi díódù tan ara yín jẹ. Ẹ tọ́jú owó títí yóò fi tó CO2 oní 50 tàbí 60 wáàtì.

4. Wáàtì ìpolówó àti wáàtì tòótọ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́: ẹ bi olùtajà díódù ní gbangba pé, "Wáàtì mélòó ló ń jáde lẹ́nu lẹ́ǹsì?" Ọ̀pọ̀ ìpolówó ń kọ wáàtì iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, tàbí kí wọ́n kàn fi nọ́ńbà ńlá sínú orúkọ ẹ̀rọ, tí ohun tó ń jáde kò sì ju 5 tàbí 10 lọ. Ẹyọ díódù búlúù kan kì í sábà fúnni ju wáàtì 5 sí 6 lọ. Ẹ̀rọ 10 wáàtì so méjì pọ̀, 20 so mẹ́rin.

Ọ̀nà wà láti yẹ̀ ẹ́ wò láìgbé ẹ̀rọ lọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ka ara ohun tí ń fún un níná. Bí wọ́n bá kọ 12 V, 5 A síbẹ̀, 60 wáàtì ni gbogbo iná tó lè gbé wá, mọ́tò àti fáànù yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Díódù búlúù kì í sọ ìdajì iná tó jẹ di ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ náà ń mú ìmọ́lẹ̀ 40 wáàtì jáde, irọ́ ló ń pa. Fún CO2 onígíláàsì, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: túùbù 40 wáàtì sábà máa ń gùn tó nǹkan bíi 700 mm, ti 60 máa ń kọjá mítà kan. Bí àpótí ẹ̀rọ bá kúrú ju èyí lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì yọ síta, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fi túùbù sí.

Eré náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "40,000 mm/min" dùn létí, àmọ́ ẹ pín in sí 60, kò ju 667 mm ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìyẹn sì jẹ́ eré ìrìn lófo tàbí ti fífín, kì í ṣe ti gígé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó kàn yín. Àwòrán tó jẹ́ 100 mm lóròó àti níbùú, tí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní 0.1 mm (254 dpi nìyẹn, ìlà 254 nínú ínǹṣì kan), ìlà 1,000 ló ní. Àpapọ̀ ìrìn rẹ̀ jẹ́ 100,000 mm. Ẹ̀rọ tó ń fín ní 100 mm ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo bí ìṣẹ́jú 17, láìka àkókò tó fi ń yí padà létí. Èyí tó ń fín ní 500 yóò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lé díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fín fọ́tò ní ọjọ́ gbogbo nílò ìṣirò yìí. Ẹni tó ń gé àpótí kò nílò rẹ̀ púpọ̀.

5. Ojú àti iná

Ojú lọba ara. Ẹ̀rọ díódù tí kò ní ìdérí wà ní ìpele ewu kẹrin, tí wọ́n ń pè ní Class 4, ìpele tó ga jù lọ. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ń wọ inú ẹyinjú dé ẹ̀yìn pátápátá, kódà èyí tó ta padà lára irin dídán lè ba ojú jẹ́ títí láé kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ti CO2, ara ojú níwájú ló ń jó. Ẹ̀rọ tó ní ìdérí tó dára, tó sì ń pa lésà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i, ni wọ́n ń kọ Class 1 sí. Nínú ilé tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn wà, n kò rò pé ó yẹ kí a máa jiyàn lórí èyí: ẹ ra onídèérí, tàbí kí ẹ má rà á.

Awò ojú tí wọ́n ń fi sínú páálí kò dọ́gba. Ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ nánómítà àti OD sára rẹ̀. OD 4 túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú 10,000 ló ń kọjá, OD 6 ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà nánómítà gbọ́dọ̀ bá lésà yín mu. Awò tó ń dá búlúù dúró lè jẹ́ kí òmíràn kọjá wẹ́rẹ́. Bákan náà ni ojú fèrèsé ẹ̀rọ: acrylic tó mọ́ gaara ń dá CO2 dúró, kò sì dá búlúù dúró rárá, ìdí nìyẹn tí ìdérí díódù fi máa ń ní àwọ̀ ọsàn.

Iná ni ewu kejì, òun ló sì sún mọ́ yín jù. Pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ojú ibi tí lésà ń gé kì í ṣe àfikún ọ̀ṣọ́. Ó ń fẹ́ ọwọ́ iná kúrò, ó ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ mọ́, ó sì ń lé èéfín kúrò lójú lẹ́ǹsì. Ẹ gbé agolo apaná oní CO2 sítòsí. Oníyẹ̀fun yóò pa iná, àmọ́ ìyẹ̀fun náà yóò ba dígí àti irin ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ máa gbá ìjákùjá tó ṣẹ́ sínú àwo oníhò lábẹ́, torí ibẹ̀ ni iná ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹni lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kódà kó ní ohun tó ń mọ iná lára. Ohun yẹn lè mú kí ẹ̀rọ dúró, kò lè pa iná tó ti gbé páálí.

6. Ààyè àti ìtóbi

Ojú iṣẹ́ 300 × 200 mm kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. 400 × 400 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé, 600 × 400 sì jẹ́ ìtura. Bí ẹ bá fẹ́ fín kọ́ọ̀pù, ẹ béèrè bóyá ààyè wà fún ohun tí ń yí i, àti bóyá orí ẹ̀rọ tàbí pẹpẹ rẹ̀ lè lọ sókè sódò. Ẹ wọn ilẹ̀kùn ilé yín kí ẹ tó sanwó. CO2 ńlá lè má gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

7. Ọpọlọ ẹ̀rọ àti sọ́fítíwía

Díódù sábà máa ń lo ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní GRBL. CO2 tó tóbi máa ń lo Ruida, tó lè gba iṣẹ́ pamọ́ tó sì ń ṣe é láì so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ CO2 kékeré tí wọ́n ń pè ní K40 máa ń wá pẹ̀lú M2Nano. Sọ́fítíwía K40 Whisperer, tí kò gba owó, lè bá a sọ̀rọ̀. LightBurn ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, owó ni wọ́n fi ń rà á, àmọ́ ẹ lè dán an wò kí ẹ tó rà á. LaserGRBL kò gba owó, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Inkscape náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún yíya àwòrán.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣe kókó níbí: ṣé ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì àti láìsí sọ́fítíwía ilé iṣẹ́ tó ṣe é? Àwọn kan kò lè gbéra bí wọn kò bá rí ẹ̀rọ ayélujára ilé iṣẹ́ wọn. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, ẹ̀rọ yín bá a lọ nìyẹn.

8. Pípín owó

Ẹ má fi gbogbo owó ra ẹ̀rọ. Tèmi ni pé kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdá kan tó kù ni ẹ máa fi ra fáànù àti páìpù, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, awò ojú tó dáńgájíá, apaná, lẹ́ǹsì àfidípò, pákó ìdánwò, àti ohun tí ń tu omi bó bá jẹ́ CO2. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ńlá láìsí fáànù ti ra ohun tí kò ní lè lò.

9. Bí ó bá jẹ́ àlòkù

Díódù àlòkù rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹ ní kí ó gé pákó 3 mm níṣojú yín, kí ẹ sì wo lẹ́ǹsì rẹ̀ bóyá ó ti jó. CO2 ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe túùbù lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tàn kí ẹ sì wo àwọ̀ iná inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìdérí: túùbù tó dáa máa ń jẹ́ àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó dà pọ̀ mọ́ àlùkò, tí kò sì mì. Bó bá ti ń funfun, gáàsì inú rẹ̀ ti ń lọ. Bí omi inú táńkì bá ní ewéédò, ẹ ti mọ irú ìtọ́jú tó rí. Ẹ ṣírò owó túùbù tuntun mọ́ iye tí wọ́n pè kí ẹ tó dúnàádúrà.

K40 tuntun náà fẹ́ ojú àlòkù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ní súìṣì tó ń pa lésà bí ẹ bá ṣí ìdérí. Ìyẹn yẹ kó jẹ́ àtúnṣe àkọ́kọ́.

10. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé

Ẹ ya fọ́tò páálí kí ẹ tó tú u, pàápàá bó bá ti fọ́ ní igun. Ẹ wo túùbù láti orí dé ìdí bóyá ó sán. Kí iná tó wọ ẹ̀rọ, ẹ fi mítà wọ̀n bóyá wáyà ilẹ̀ dé ara irin rẹ̀ lóòótọ́ láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà sì ní wáyà ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wọ̀n kó pe oníṣẹ́ iná. Ti CO2, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú túùbù jáde. Ẹ fi ọwọ́ fún rọ́bà omi náà díẹ̀ wò: bí omi kò bá ṣàn mọ́, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ gbà láti ta lésà.

Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ CO2 tó ń fi dígí darí lésà, ẹ lẹ bébà alálẹ̀mọ́ síwájú dígí orí ẹ̀rọ, kí ẹ ta lésà ní ìwọ̀nba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú iṣẹ́. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bọ́ sójú kan náà. Bí wọ́n bá ń sún kúrò, dígí kò tíì tò dáadáa, igun kan yóò máa gé, òmíràn kò ní gé. Díódù kò ní ìṣòro yìí. Fún méjèèjì, ẹ gé onígun mẹ́rin 100 mm, kí ẹ wọn ìlà àgbélébùú rẹ̀ méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, férémù wọ́. Ẹ gé òbìrí kan pẹ̀lú. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá pàdé, tàbí bó rí bí ẹyin, ẹ wo bẹ́líìtì, ó ti dẹ̀ níbì kan.

Ẹ wá ṣe àwo ìdánwò fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan: àpótí kéékèèké tí eré ń pọ̀ sí i lápá kan, tí agbára ń pọ̀ sí i lápá kejì. Ẹ kọ orúkọ pákó, bó ṣe nípọn tó àti ọjọ́ sára àwo náà, kí ẹ so ó kọ́ sára ògiri. Bí túùbù tàbí díódù bá ń rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwo yìí ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Bí ìdánwò kankan bá já sí òdì, ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùtajà kí gbèdéke ìdápadà tó kọjá. Ẹ má tíì tú síkúrúù kankan kí wọ́n tó fèsì, kí wọ́n má bàa ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Páálí àti fóòmù tí ẹ̀rọ bá wá náà, ẹ tọ́jú wọn títí gbèdéke yẹn yóò fi pé, nítorí láìsí wọn, kò sí bí ẹ ṣe lè dá túùbù gíláàsì padà tí kò ní í fọ́ lọ́nà.